Ìṣísẹ̀ 730: Nígbà Tí Èrò Bá Gbé Ẹran Ara Wọ̀

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nílùú St. Petersburg tó ti ka iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹnu géètì ilé tó háyà títí dé ilé ìyá arúgbó kan tó máa ń gba ohun ìdógò lọ́wọ́ àwọn tí owó ń pọ́n lójú. 730 ni, kò lé, kò dín. Nígbà tó ń kà á, eré ọkàn lásán ló pè é. Nígbà tó ṣe, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan tó ti gbó ya, ó rán an ní ọ̀já sí abẹ́ apá ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ láti inú, kí àáké lè máa fi kọ́ láìsí ẹni tó máa fura. Ó wá mú pákó pẹlẹbẹ kan àti irin pẹlẹbẹ kan, ó fi bébà wé wọn pọ̀, ó fi okùn dì wọ́n ní ìdì tí kò ní tètè tú, kí ìyá náà lè rò pé àpótí sìgá onífàdákà ni, kí ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kí ó sì kẹ̀yìn sí àlejò rẹ̀.

Rodion Raskolnikov ni orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà. Dostoevsky, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló kọ ọ́ sínú Ìwà Ọ̀daràn àti Ìjìyà Rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1866. Ebi ń pa á lóòótọ́, gbèsè owó ilé sì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ló gbé àáké lé e lọ́wọ́. Ó ti jókòó rí nílé ọtí kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bá ọ̀gá sójà kékeré kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní bí èèyàn bá pa arúgbó olówó èlé yìí, tí ó fi owó rẹ̀ yọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé nínú òṣì, ṣé ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ rere kò ní bo ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ ni? Ikú kan, ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí. Ó ní ìṣirò lásán ni. Raskolnikov wá fi tirẹ̀ lé e, pé àwọn èèyàn bíi Napoleon wà láyé tí ẹ̀tọ́ wọn ni láti fo ẹ̀jẹ̀ kọjá, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun wà lára wọn.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ọ̀gbẹ́ni oníṣirò gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Lizaveta, àbúrò arúgbó náà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tí gbogbo ayé ń rẹ́ jẹ, wọlé bá a lórí òkú. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Ó kàn gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ti nǹkan sẹ́yìn. Àáké kejì nìyẹn. Lizaveta gan-an wà lára àwọn tálákà tí wọ́n ní torí wọn ni wọ́n ṣe ń ṣírò, kò sì sí níbi kankan nínú ìṣirò náà. Owó ńkọ́? Raskolnikov lọ ri pọ́ọ̀sì arúgbó náà mọ́ abẹ́ òkúta nínú àgbàlá kan láì ṣí i wò. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, wọn kò gbà á gbọ́ pé ẹni tó pààyàn nítorí owó kò mọ iye tó jí. Wọ́n bá 317 ruble àti 60 kopek nínú rẹ̀.

Ẹni tó ka ìṣísẹ̀ kò ka owó. Mo ti ka àwọn ìwé fìlọ́sọ́fì díẹ̀ tó fi ẹ̀rí lórí ẹ̀rí tú irú ìṣirò yìí palẹ̀, mo sì gbàgbé púpọ̀ nínú wọn. Pọ́ọ̀sì abẹ́ òkúta yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo rí nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ ńlá Rọ́ṣíà nìyí: wọn kì í fi àríyànjiyàn ṣẹ́gun èrò. Wọ́n á gbé èrò náà fún ẹnì kan pé kó gbé e lọ sílé, kí ó bá a sùn, kí ó bá a jẹun, kí ibà mú un pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe àwa òǹkàwé wá wò ó.

Ìdí wà tó fi jẹ́ inú ìwé ìtàn ni wọ́n kó gbogbo èyí sí. Lọ́dún 1848, ìjọba ń dojú dé káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀rù sì ba Tsar Nicholas Kìíní, ọba Rọ́ṣíà. Lọ́dún 1850, wọ́n fòpin sí kíkọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní àwọn yunifásítì Rọ́ṣíà. Ìwọ̀nba tó kù, wọ́n kó o fún àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. Ọ̀kan lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni Mikhail Katkov, ọ̀dọ́ olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Moscow. Ẹ fọkàn sí orúkọ yẹn o. Ọkùnrin yìí ló di olóòtú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Russky Vestnik, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti tẹ ìwé Turgenev tó ń jẹ́ Bàbá àti Ọmọ lọ́dún 1862, Ìwà Ọ̀daràn àti Ìjìyà Rẹ̀ lọ́dún 1866, èyí tó pọ̀ jù nínú Anna Karenina, àti Àwọn Arákùnrin Karamazov. Lọ́dún 1866 yẹn kan náà, apá ìbẹ̀rẹ̀ Ogun àti Àlàáfíà ti Tolstoy náà ń jáde níbẹ̀. Wọ́n lé fìlọ́sọ́fì jáde ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó wọ aṣọ ìtàn.

Àwọn òǹkọ̀wé náà kò sì fi èrò ṣeré. Dostoevsky mọ ohun tí èrò lè fà báni. Wọ́n mú un lọ́dún 1849, lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn sì ni pé ó ka lẹ́tà tí Belinsky, alárìíwísí ìwé, kọ sí òǹkọ̀wé Gogol sétí àwọn èèyàn. Kíka lẹ́tà sókè! Ní December 22 ọdún náà, wọ́n kó wọn lọ sí gbàgede kan, wọ́n ka ìdájọ́ ikú sí wọn létí, wọ́n so mẹ́ta lára wọn mọ́gi, kí wọ́n tó wá sọ fún wọn pé Tsar ti fẹ̀mí wọn jì wọ́n. Ọdún mẹ́rin ló lò nínú ẹ̀wọ̀n oníṣẹ́ àṣekára ní Omsk.

Turgenev ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ, torí òun ni wọ́n máa ń fojú fò jù. Bazarov, akọni inú Bàbá àti Ọmọ, ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ torí pé ẹni náà dàgbà tàbí torí pé gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún un. Lójú rẹ̀, onímọ̀ kẹ́míkà gidi kan wúlò ju ogún akéwì lọ. Ó jí ní kùtùkùtù, ó lọ sí ẹ̀bá àbàtà láti mú ọ̀pọ̀lọ́, àwọn ọmọdé abúlé méjì sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ là á wò, kí òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀lọ́ ni èmi àti ẹ̀yin náà, ẹsẹ̀ méjì la kàn fi ń rìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Kò pa ọ̀rọ̀ dà fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò pa á dà fún ọlọ́lá.

Wọ́n rò pé Turgenev máa fi ẹnu ọlọ́gbọ́n kan tú u láṣọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ìfẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Odintsova mú un, ìfẹ́ tó ti pè ní ìsọkúsọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bazarov padà sílé àwọn òbí rẹ̀, tó sì ń bá wọn tọ́jú aláìsàn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń la òkú àgbẹ̀ kan tí ibà typhus pa, ọ̀bẹ gé e níka. Dókítà àdúgbò ibẹ̀ kò ní oògùn tí wọ́n fi ń jó ojú ọgbẹ́. Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn náà ló délé tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó jẹ́ dókítà ológun tó ti fẹ̀yìntì. Bàbá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbáralé ló jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí ibùsùn ló ti sọ pé kí èèyàn gbìyànjú láti sẹ́ ikú wò: ikú ló máa sẹ́ ẹ, ó parí. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà o. Àìkábàámọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lè fọwọ́ sọ̀yà pé Turgenev ti dá a lẹ́bi. Nígbà tí ìwé náà jáde, inú àwọn àgbà ò dùn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ náà ní ó bú àwọn. Iná ńlá jó ní Petersburg lọ́dún yẹn, Turgenev sì sọ pé ẹni àkọ́kọ́ tí òun pàdé lójú pópó ní kí òun wá wo ohun tí àwọn níhílíìsì òun, ìyẹn àwọn bíi Bazarov tí kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni, ń ṣe.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Chernyshevsky wà ní ẹ̀wọ̀n ilé olódi Peter àti Paul, ó sì kọ ìwé kan níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ fi ọgbọ́n orí rí ire ara wọn, tí ire ara wọn sì di ire gbogbo ayé, nínú ilé ńlá oníjígí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń kọrin. Kò dùn ún kà, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí Dostoevsky fún un lọ́dún 1864 dùn: ọkùnrin kan tó ń gbé bí eku ní abẹ́ ilẹ̀, tí eyín ń dùn, tó ń kérora kí ará ilé má lè sùn, tó ń sọ pé òótọ́ ni pé èjì lọ́nà èjì jẹ́ ẹ̀rin, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn àrún pàápàá ní adùn tirẹ̀. Kò ní ẹ̀rí kankan. Eyín rẹ̀ ló ń dùn ún.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, Ivan inú Àwọn Arákùnrin Karamazov ti Dostoevsky ni mo ń bọ̀ wá bá.

Inú ilé oúnjẹ kan ni òun àti àbúrò rẹ̀ Alyosha jókòó sí. Alyosha ti wọ aṣọ ilé àwọn mọ́ńkì. Ivan ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja wá, àti tíì, àti jáàmù ṣẹ́rì, torí ó rántí pé Alyosha fẹ́ràn jáàmù ṣẹ́rì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣe sí àbúrò! Lẹ́yìn náà ló la ẹnu. Ó ní òun kò bá Ọlọ́run jà pé kò sí. Ayé tó dá ni òun kò gbà. Ó ní ká fi ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀ ná, àgbà ti jẹ èso náà. Ká sọ ti ọmọdé. Ó sọ ti ọmọ ẹrú kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ju òkúta tó bá ẹsẹ̀ ajá ọdẹ tí ọ̀gágun kan fẹ́ràn. Wọ́n tì í mọ́lé di òwúrọ̀, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò lójú ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó sáré, wọ́n sì tú àwọn ajá tẹ̀ lé e. Ivan wá bi àbúrò rẹ̀ pé kí ni ká ti ṣe ọ̀gágun náà? Ká yìnbọn fún un? Mọ́ńkì kékeré yìí, tójú rẹ̀ ti funfun, dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé: ká yìnbọn fún un.

Inú Ivan dùn. Ó ti rí i fà. Ó wá sọ pé bí wọ́n bá ní àlàáfíà ìkẹyìn máa dé, tí ìyá máa gbá ẹni tó fi ajá fa ọmọ rẹ̀ ya mọ́ra, tí gbogbo ẹnu á sì máa yin Olúwa, owó ìwọlé síbi àlàáfíà yẹn ti wọ́n jù fún òun, òun sì fi ọ̀wọ̀ dá tíkẹ́ẹ̀tì òun padà. Dostoevsky kọ̀wé sí olóòtú pé òun kò dá ìtàn wọ̀nyí sílẹ̀, inú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ni òun ti rí wọn.

Ohun tó ya àwọn èèyàn ìgbà náà lẹ́nu ni bí olùgbàgbọ́ bíi tirẹ̀ ṣe lè fi irú agbára báyìí sẹ́nu ẹni tó ń bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́. Pobedonostsev, ìjòyè ńlá ìjọba, béèrè pé ìdáhùn dà? Dostoevsky kọ̀wé sí i ní August 1879 pé apá tó kàn, èyí tó sọ nípa bàbá mọ́ńkì Zosima, ni ìdáhùn, ẹ̀rù sì ń ba òun bóyá ó máa tó. Èmi ò rò pé ó tó. Ìwàásù Zosima dára, ó sì tutù, ṣùgbọ́n ọmọ tí ajá fà ya kò sí nínú rẹ̀.

Ibòmíràn ni mo rí ìdáhùn sí, ó sì ti wà nílẹ̀ kí Ivan tó la ẹnu rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, àwọn obìnrin abúlé wá kí Zosima. Ọ̀kan wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù ti kú, ó ku oṣù mẹ́ta kó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Obìnrin yìí ní òun máa ń tú àwọn aṣọ rẹ̀ kéékèèké sílẹ̀, bàtà rẹ̀, òun á máa wò wọ́n, òun á sì ké. Ó ní bí òun bá lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bó ṣe máa ń sáré wá bá òun nínú yàrá. Zosima kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ. Tiwa ni pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tiwọn ni pé ọmọ náà ti di áńgẹ́lì níwájú ìtẹ́ Ọlọ́run. Obìnrin náà ní, Bàbá, bí ẹ ṣe sọ yìí gan-an ni ọkọ mi ṣe sọ ọ́, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló wà, àmọ́ kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

Nígbà náà ni bàbá yìí fi ìtùnú sílẹ̀. Ó ní kó má gba ìtùnú o, kó máa sunkún, ẹkún ńlá ìyá ni, ó sì máa pẹ́. Ó bi í pé kí lorúkọ ọmọ náà. Ó ní Alexei. Zosima ní òun máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà, ó sì rán an padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, torí pé ọmọ tó bá wálé kò gbọ́dọ̀ bá bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Dostoevsky pàápàá ní ọmọ tó ń jẹ́ Alexei, Alyosha nínú ilé. Wárápá pa á ní May 1878 kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wárápá tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bá yí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òun àti ọ̀dọ́ onífìlọ́sọ́fì Vladimir Solovyov lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Optina, níbi tó ti rí bàbá Ambrose. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń sọ fún mi pé ìyẹn kò jẹ́ ìdáhùn, pé sísunkún pẹ̀lú ẹni kò yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tó dá ajá tó fa ọmọ ya. Òótọ́ ló sọ, kò yanjú rẹ̀. Àmọ́ Ivan fi jáàmù ṣẹ́rì sílẹ̀ ní tábìlì, ó ní ojú òun rí ìyà gbogbo ọmọ aráyé, síbẹ̀ kò mọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń ròyìn. Zosima béèrè orúkọ.

Èrò Ivan kò sì dúró sí ilé oúnjẹ. Bí kò bá sí àìkú, ohun gbogbo ló tọ́ láti ṣe: ó ti máa ń sọ èyí káàkiri, ẹnì kan sì wà ní ilé ìdáná tó ń gbọ́, Smerdyakov, kúùkù bàbá wọn, tí wọ́n ní ọmọ bàbá náà ni. Nígbà tí wọ́n ti pa bàbá wọn tán, Ivan lọ bá a. Smerdyakov fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀. Ara Ivan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó mọ ohun tó ń wá. Owó ni: 3,000 ruble, olówó ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ òṣùmàrè. Smerdyakov kó o lé tábìlì, ó fi ìwé ọ̀rọ̀ Isaac ará Síríà, ẹni mímọ́ ayé àtijọ́, bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ pa á o, ìránṣẹ́ yín lásán lèmi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ìwé fìlọ́sọ́fì wo ló lè sọ fún onífìlọ́sọ́fì pé kó wá wo ohun tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọ̀dọ̀?

Tolstoy ńkọ́? Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, mo sì ní ẹjọ́ díẹ̀ bá a rò. Levin inú Anna Karenina ní ìyàwó tó fẹ́ràn, ó ní ọmọ, ara rẹ̀ le, síbẹ̀ ó ń gbé okùn pamọ́ fún ara rẹ̀ kó má bàa pokùnso, torí kò rí ìdí tó fi yẹ kó wà láàyè. (Tolstoy sọ nínú ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé òun náà ti gbé okùn pamọ́ rí.) Ó ti ka àwọn onífìlọ́sọ́fì títí, kò rí ojútùú. Àgbẹ̀ kan níbi ìpakà ló sọ fún un pé bàbá kan wà lágbègbè àwọn tó ń gbé fún ẹ̀mí rẹ̀, tó ń rántí Ọlọ́run, Levin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò fún ayọ̀. Apá tí èyí wà gan-an ni Katkov kọ̀ láti tẹ̀ lọ́dún 1877, nítorí ohun tí Tolstoy sọ níbẹ̀ nípa àwọn tó ń lọ jagun ní Serbia. Tolstoy ló fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹjọ́ mi nìyí: àwọn mẹ̀kúnnù Tolstoy máa ń ní ìdáhùn lọ́wọ́ nígbà gbogbo fún àwọn ọlọ́lá, wọn kì í sì í ní ìbéèrè tiwọn. Karataev nínú Ogun àti Àlàáfíà kọ́ Pierre ní bí a ṣe ń gbé ayé, àwọn sójà Faransé yìnbọn pa á lẹ́bàá ọ̀nà, ìtàn sì ń bá Pierre lọ. Ta ló béèrè ohun tí Karataev rò nípa ẹni tó sọ ọ́ di ẹrú?

Síbẹ̀, òun ló kọ Ikú Ivan Ilyich, ní 1886. Ivan Ilyich, adájọ́, ń kú díẹ̀díẹ̀. Ó rántí ohun tó kọ́ nínú ìwé ẹ̀kọ́ lọ́jíìkì: Kaiọ́ọ̀sì jẹ́ èèyàn, gbogbo èèyàn ló máa kú, nítorí náà Kaiọ́ọ̀sì máa kú. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún Kaiọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ṣé Kaiọ́ọ̀sì ló mọ òórùn bọ́ọ̀lù aláwọ onílà tí Vanya kékeré, ìyẹn Ivan Ilyich fúnra rẹ̀, fẹ́ràn nígbà èwe? Ìrora náà kì í rọlẹ̀ àfi tí Gerasim, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé èjìká, tó sì jókòó bẹ́ẹ̀ di òru. Gerasim nìkan ló sọ ọ́ lójú ara rẹ̀ pé gbogbo wa la máa kú, kí ló dé tí òun ò ní ṣe wàhálà díẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kò ju ìwé ọjọ́ méjì lọ. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ wọn: Rodion Romanovich, Rodya àti Raskolnikov, ẹnì kan náà ni, bí ẹ ṣe ní àbísọ, oríkì àti orúkọ ìdílé, tí ẹ sì mọ ẹni tó yẹ kó fi èwo pè yín. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú Bàbá àti Ọmọ. Nígbà tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn Karamazov, tí ẹ dé ibi tí Ivan ti ń ní kí wọ́n gbé jáàmù wá fún àbúrò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ padà lọ ka orí ìwé tí ìyá Alexei wà, kí ẹ tó jẹ́ kó bá yín jiyàn. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín gbà á sílẹ̀.